Èyí Tí Omi Kò Gbé Lọ

Ọdún tí mo padà sílé-ẹ̀kọ́ láti lọ parí oyè kejì mi, iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n máa wọ̀n bí ìwúkàrà ṣe ń wọnú nǹkan. Kì í ṣe ìwúkàrà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì ni mò ń wí. Ìbátan rẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé ẹnu ènìyàn ló ń gbé. Lẹ́nu ẹni tí ara rẹ̀ le, kì í yọ èèyàn lẹ́nu, ó kàn wà níbẹ̀ jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá rí àyè, ó lè yí padà. Kò ní jókòó sórí ohun tó bà lé mọ́, á na ara rẹ̀ gùn bíi fọ́nrán òwú, á sì máa wọlé lọ sísàlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi fẹ́ mọ̀ bóyá irú èyí tó ń wọlé yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà tó ń lo eyín àtọwọ́dá. Èmi ni màá lọ wá a, èmi ni màá sì wọ̀n ọ́n.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà náà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ oyè yìí tẹ́lẹ̀ rí, àìsàn ìyá mi ló mú mi fi í sílẹ̀. Odidi ọdún mẹ́ta ni mo fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn kí wọ́n tó kú. Nígbà tí mo fi máa padà, àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti lọ, àwọn ọmọ tó ń pè mí ní àǹtí ni mo bá níbẹ̀. Ìtìjú yẹn ló jẹ́ kí n máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn.

Láàbù wa wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà Agbowó. Bí a bá ṣí fèrèsé, ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn tó ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé wá bá wa. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ gan-an ni Alájì, bàbá kan ará Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti ń bójú tó láàbù náà láti ìgbà tí irun orí wọn ṣì dúdú. Wọn kì í yára, wọn kì í sì tún ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é. A ó se oúnjẹ tí ìwúkàrà fẹ́ràn, a ó dà á sínú àwo pẹlẹbẹ onídèérí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, á sì dì bí ẹ̀kọ tútù. A ó kán ìwúkàrà lé e lórí ní ẹ̀kán kékeré, a ó gbé àwo náà sínú àpótí kan tí ooru inú rẹ̀ bá ti ara ènìyàn mu. Bó bá di ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á ti wú sókè, á funfun bí ọ̀rá tó dì sórí ọbẹ̀. A ó ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó gbé àwo náà sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, a ó jẹ́ kí omi ṣàn lé e lórí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, a ó sì fi ìka tó wà nínú ìbọ̀wọ́ rọra nù ún yípo. Èyí tó kàn jókòó sórí á bá omi lọ sínú báfù tí a ti da oògùn apakòkòrò sí. Èyí tó ti wọlé kò ní lọ. A ó tún ya fọ́tò. Ohun tó bá kù sẹ́yìn ni a fẹ́ wọ̀n.

Ọjọ́ kìíní tí mo dá a ṣe, Alájì di ọwọ́ mi mú lábẹ́ omi.

“Má fi agbára nù ún,” ni wọ́n wí. “Bí o bá fi agbára nù ún, agbára tìẹ lo ń wọ̀n, kì í ṣe tiẹ̀.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa jẹ́ obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí gbogbo yàrá á sì pa lọ́lọ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òfin kan tí wọn kì í yẹ̀. Èmi ni màá lọ fi òwú gba ohun tó wà lẹ́nu àwọn àgbà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sáláṣí, àti nílé wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé e dé, ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ni màá kó o lé. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra wọn ni wọ́n máa yọ orúkọ kúrò lára ìgò, tí wọ́n á lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, kí wọ́n tó dá a padà fún mi. Ìwé tí orúkọ àti nọ́ńbà jọ wà nínú rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì wọn, wọ́n sì ń tì í pa.

“Bí o bá mọ ẹni tó ni ín,” ni wọ́n sọ fún mi, “wàá ti mọ ohun tí o fẹ́ rí kí o tó wò ó.”

Mo fara mọ́ ọn. Mo rò pé òfin tó dáa ni. Mo ṣì rò bẹ́ẹ̀ títí dòní, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún mi láti sọ.

Bódìjà ni èmi àti bàbá mi ń gbé, ní ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ti ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe olùkọ́. Ará Ṣakí ni wọ́n. Olórí ilé-ìwé ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí à ń lọ, ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé nínú ẹgbẹ́ akọrin, ohùn tó jẹ́ pé bí o bá jókòó lẹ́yìn wọn, wàá gbọ́ ọ nínú igi àga. Eyín òkè wọn ti lọ tipẹ́, àtọwọ́dá ni wọ́n ń lò. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mò ń wá àwọn àgbà kiri, inú bí wọn díẹ̀.

“Ò ń lọ sí Challenge, ò ń lọ sí Ring Road, ò ń bẹ ẹlẹ́nu kẹ́lẹ́nu. Ṣé ẹnu tèmi ò wúlò ni?”

“Mo rò pé ẹ ò ní fẹ́ ni, Dádì.”

“Olùkọ́ ni mí. Wá gbà á.”

Wọ́n yọ eyín náà lórí tábìlì oúnjẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi pẹ̀lú ìdí eyín lásán kí n lè rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi òwú nu abẹ́ eyín náà, mo nu òkè ẹnu wọn, mo tì í bọ inú ìgò. Mi ò wo inú ẹnu náà dáadáa. Mò ń kánjú kí n lè rí kẹ̀kẹ́ Márúwá wọ̀ kí oòrùn tó mú. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo kó tiwọn mọ́ ti àwọn yòókù fún Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì di nọ́ńbà bíi ti gbogbo wọn.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí èèrà. Ilé ìwẹ̀ wa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n tò láti ojú fèrèsé wá sí ìdí ṣáláńgá alábọ́ọ̀lù tí à ń lò, wọ́n ṣù síbẹ̀. Mo fín wọn ní oògùn. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ti padà. Mo fi kẹrosíìnì nu ilẹ̀, wọ́n lọ fún ọjọ́ méjì, wọ́n tún dé. Bàbá mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé òjò ló ń lé wọn wọlé. Òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ní láàbù, iṣẹ́ ń lọ. Àwo lẹ́yìn àwo, omi ń gbé ìwúkàrà àwọn àgbà lọ, ó ń ku òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí kó má ku nǹkan kan. Mo ti ń rò pé iṣẹ́ mi kò ní ní ohun tó máa sọ. Ìgbà tó wá kan nọ́ńbà kẹtàdínlógún, mo gbé e sábẹ́ omi, mo nù ún, òkè rẹ̀ ṣí kúrò bí awọ wàrà. Lábẹ́ rẹ̀, ojú àwo náà funfun síbẹ̀. Mo rò pé mi ò nù ún tó. Mo tún nù ún. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Omi ń ṣàn lé e lórí kedere, ó sì wà níbẹ̀, bí àbàwọ́n lára aṣọ.

Mo pe Alájì. Wọ́n gba àwo náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n wò ó láti ẹ̀yìn. Láti ẹ̀yìn gan-an o lè rí i, ó ti wọlé jìnnà.

“Èyí ò ní lọ,” ni wọ́n wí.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà. Irú rẹ̀ là ń wá.”

Wọ́n tún wo ẹ̀yìn àwo náà. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè pé, “Ẹni tó ni ín, ṣé ara rẹ̀ le?”

“A ò mọ̀ ọ́n, sà. Nọ́ńbà ni.”

“Mo mọ̀ pé nọ́ńbà ni. Mo ní ṣé ara rẹ̀ le?”

Wọ́n gbé àwo náà sílẹ̀, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá fún ìrun Àìlà. Èmi ya fọ́tò mi. Inú mi dùn. Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí: inú mi dùn débi pé nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ sílé, mò ń yọ fóònù wo fọ́tò náà léraléra, bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní fọ́tò nìkan kò tó, wọ́n fẹ́ mọ bó ṣe jìn tó. Nítorí náà mo tún gbin kẹtàdínlógún, mo fi abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gé oúnjẹ tó dì náà láti òkè délẹ̀ bí ẹni gé mọ́ín-mọ́ín, mo tẹ́ èyí tí mo gé sórí gíláàsì, mo gbé e sábẹ́ awò maikirosikóòpù. Òkè rẹ̀ dà bí òkìtì. Láti abẹ́ òkìtì náà, àwọn fọ́nrán ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń pín, wọ́n ń tún pín, wọ́n tinrín, wọ́n gùn, gbogbo wọn kọjú sí ìsàlẹ̀. Mo fi ìwọ̀n tó wà nínú awò náà kà wọ́n. Ní ọjọ́ kejì mo tún kà, wọ́n ti jìn sí i. Kò sí ohun tó ń lé wọn, kò sì sí ohun tó ń pè wọ́n níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, ṣùgbọ́n irú ẹ̀rù tó ń dùn mọ́ni ni.

Nílé, bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní ẹran inú àwo wọn.

“Ó le jù,” ni wọ́n máa ń wí.

Lẹ́yìn ẹran, ó kan iyán. Lẹ́yìn iyán, wọ́n ní kí n máa ro àmàlà kó rọ̀ dáadáa. Nígbà tó yá, ẹ̀kọ mímu nìkan ni wọ́n ń fẹ́, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á sì dúró díẹ̀ kí wọ́n tó gbé òmíràn mì, wọ́n á fi ọwọ́ kan àyà. Omi ni wọ́n ń mu ṣáá. Jọ́ọ̀gì omi kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, mo ń pọn ọn kún láàárọ̀, ó ń gbẹ kó tó di ọ̀sán. Mo rí i pé wọ́n ti lu ihò tuntun sára bẹ́líìtì wọn. Ìṣó ni wọ́n fi lù ú, ó rí wúruwùru.

“Dádì, ẹ ti fọn.”

“Àgbà ń dé ni.”

“Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù.”

“Lọ parí ìwé rẹ. Bí o bá parí rẹ̀, a ó lọ síbikíbi tí o bá fẹ́.”

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n dìde pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin, ìwé orin wà lọ́wọ́ wọn, ẹnu wọn sì ń ṣí ó ń pa. Mo jókòó sẹ́yìn wọn. Mo gbé ọwọ́ lé igi àga wọn, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ṣé mi ò fura ni? Ìbéèrè yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà lókè òkun bi mí lórí fóònù nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ sì mú bí abẹ. Mo fura. Mo fura sí ọjọ́ orí, mo fura sí ìbànújẹ́ ikú ìyá mi, mo fura sí oògùn ibà tí wọ́n ń rà fúnra wọn. Lójoojúmọ́ ni mò ń wo ohun tó ń wọlé lọ lábẹ́ awò, mi ò sì ronú kan ọ̀fun tó wà nínú ilé mi. Ó jọ pé mo ti pín orí mi sí yàrá méjì, mo sì ti ilẹ̀kùn àárín wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí n padà lọ gba òmíràn lẹ́nu gbogbo àwọn àgbà náà, kí a lè mọ̀ bóyá ohun tí a rí dúró ṣinṣin. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ìta ná. Bàbá mi ni mo fi ṣe ìkẹyìn.

Òwúrọ̀ ni, ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ní pálọ̀. Wọ́n yọ eyín náà, lọ́tẹ̀ yìí wọn kò rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n gbé orí sókè. Òkè ẹnu wọn pọ́n bí ojú egbò, ó pọ́n ní ibi tí eyín náà ń jókòó sí gẹ́lẹ́, bí ẹni fi rúlà fà á. Lórí pupa náà, àti lẹ́yìn, níbi tí ọ̀fun ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan funfun wà ní ṣákiṣàki. Mo fi òwú kàn án. Wọ́n fà sẹ́yìn, omi bọ́ lójú wọn.

“Ó ti tó ọjọ́ mélòó tó ti rí báyìí, Dádì?”

“Ó ti pẹ́ díẹ̀.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?”

Wọ́n dá eyín náà padà sẹ́nu, wọ́n pa ẹnu dé. “Ò ń pẹ́,” ni wọ́n wí. “Lọ síbi iṣẹ́ rẹ.”

Mo lọ. Mo kó ìgò náà fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pẹ̀lú ti àwọn yòókù, mi ò sọ nǹkan kan. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo dúró níwájú tábìlì wọn, ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, mo sì gbé e mì. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní iṣẹ́ mi ti bàjẹ́, pé mo ti mọ ẹni tó ni ín. Mo sọ fún ara mi pé màá ra oògùn fún Dádì ní Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Nọ́ńbà tuntun ni wọ́n fún gbogbo ìgò lẹ́ẹ̀kejì. Mo gbìn wọ́n. Ọjọ́ karùn-ún bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì. Èmi àti Alájì ni a jọ wà nídìí ẹ̀rọ omi, èmi ń fọ̀, wọ́n ń ya fọ́tò. Nọ́ńbà kẹjọ ni mo fọ̀ tí kò lọ. Omi ń ṣàn, mo ń fi ìka nù ún yípo, ó sì wà níbẹ̀, ó nípọn ju ti kẹtàdínlógún lọ.

Alájì lọ mú fọ́tò kẹtàdínlógún wá, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ẹnìkan náà ni,” ni wọ́n wí. “Ó sì ti le sí i.”

Mo rántí ẹnu Dádì. Mo gbé àwo náà sílẹ̀, mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo gba ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Mi ò kan ilẹ̀kùn kí n tó wọlé.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi wo ẹni tó ni kẹtàdínlógún, àti ẹni tó ni kẹjọ tuntun.”

Wọ́n gbé ojú sókè. “O mọ̀ pé mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Mo mọ̀, mà. Ẹ bá mi wò ó. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ náà, ẹ yọ ọ́.”

Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́, wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀, wọ́n fi ìka tọ ojú ìwé náà lọ sísàlẹ̀. Ìka wọn dúró. Wọ́n ṣí ìwé kejì, ìka wọn tún dúró. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

“Bàbá rẹ ńkọ́?” ni wọ́n wí. “Níbo ni wọ́n wà báyìí?”

Alájì ló fi ọkọ̀ wọn gbé mi. Láti Agbowó dé Bódìjà kò jìnnà, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, ní ẹ̀gbẹ́ ọjà, àwọn ọkọ̀ tó ń já iṣu ti dí ọ̀nà. Mo ń pe fóònù bàbá mi, ó ń dún, wọn kò gbé e. Ètè Alájì ń mì. Àdúà ni wọ́n ń ṣe.

A bá wọn lórí àga ní fàráńdà, oòrùn ti yí dé ẹsẹ̀ wọn. Mo rò pé wọ́n ń sùn. Wọ́n ń mí kíkankíkan, mímí gígùn, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè, bẹ́ẹ̀ wọ́n jókòó jẹ́jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn, mo pè wọ́n. Èémí wọn ń ta sánsán bí èso tó ti pọ́n kọjá, ó dùn lọ́nà tó kọ mí lóminú. Ojú wọn ṣí díẹ̀, ó wò mí, kò mọ̀ mí. Lábẹ́ àga wọn, èèrà tò.

Èmi àti Alájì la jọ gbé wọn wọ ọkọ̀. Wọn kò wúwo. Ìyẹn ni mi ò lè gbàgbé, bàbá tó máa ń gbé mi lé èjìká nígbà kan, wọn kò wúwo rárá.

Ní ọsibítù kan ní Jẹ́ríkò, àwọn nọ́ọ̀sì gún ìka bàbá mi, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ náà, gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Dókítà obìnrin kan jáde wá bá mi ní kọ́rídọ̀.

“Ó ti tó ìgbà wo tí wọ́n ti ní àtọ̀gbẹ?”

“Wọn ò ní àtọ̀gbẹ, mà.”

Ó wò mí. “Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga kọjá ohun tí ẹ̀rọ wa lè kà. Kì í ṣe ohun tó bẹ̀rẹ̀ lánàá.”

Mo rántí èèrà tó ń ṣù sí ìdí ṣáláńgá wa. Mo sọ fún un nípa ẹnu wọn, mo sọ ohun tí mo rí lórí àwo. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ṣúgà yẹn ló fún un láyè. Nígbà tí ara wọn rọlẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ti okùn rọ́bà tó ní kámẹ́rà lórí gba ẹnu wọn wọ ọ̀nà ọ̀fun. Dókítà náà pè mí wá wo fọ́tò rẹ̀, nítorí ó mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ó rò pé mo máa fẹ́ rí i. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, inú ọ̀nà ọ̀fun bàbá mi funfun. Mo ní kó jẹ́ kí n jókòó.

Wọ́n fi oògùn sí omi tí wọ́n ń fà sí wọn lára, wọ́n ń gún wọn ní abẹ́rẹ́ insulínì fún ṣúgà náà. Mò ń lọ mo ń bọ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, mo lọ mú aṣọ wọn nílé. Lábẹ́ aṣọ inú àpótí wọn, mo bá páálí ṣọ́ọ̀kì kan. Káàdì ọsibítù wà nínú rẹ̀, ti ọsibítù mìíràn, ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ sì ti lé ní ọdún méjì. Dókítà ti sọ fún wọn pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ. Oògùn tí wọ́n fún wọn wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ti lò àti àwọn tí wọn kò fọwọ́ kàn.

Mo gbé páálí náà lọ bá wọn. Mo gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n wò ó, wọ́n wo ògiri.

“Nígbà tí ìyá rẹ ń ṣàìsàn,” ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ohùn wọn há, wọ́n sì dúró gbé itọ́ mì kí wọ́n tó lè máa bá a lọ. “O fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Mi ò bi ọ́ bóyá ó dùn ọ́, ìwọ náà ò sì ráhùn. Mo sọ fún ara mi pé o ò ní fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nítorí tèmi. Mò ń lo oògùn náà níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rò pé bí mi ò bá lò ó, tí n kò sì sọ ọ́, bóyá á kàn fi mí sílẹ̀.”

“Dádì, olùkọ́ ni yín.”

“Mo mọ̀.”

Mo fẹ́ bínú sí wọn. Mo wá rántí bí mo ṣe dúró níwájú tábìlì Ọ̀jọ̀gbọ́n tí mo gbé ọ̀rọ̀ mì. Mo di ọwọ́ wọn mú. Mo sọ fún wọn pé èmi náà ti rí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó sọ̀rọ̀, pé mo ya fọ́tò rẹ̀, pé inú mi dùn sí i. Wọ́n fetí sí gbogbo rẹ̀. Wọn kò sọ pé kò burú. Wọ́n kàn fi ọwọ́ wọn sílẹ̀ nínú tèmi títí nọ́ọ̀sì fi dé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá bẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gbé ọsàn wá, wọ́n sì tún gbé e lọ nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Ní kọ́rídọ̀, wọ́n sọ fún mi pé láti ìsinsìnyí lọ, bí ẹnikẹ́ni bá rí irú kẹtàdínlógún nínú láàbù wọn, ẹlòmíràn tí kò sí nínú iṣẹ́ náà á ṣí ìwé lọ́jọ́ náà gan-an, á sì pe ẹni tó ni ín. “Ó yẹ kí n ti rò ó tẹ́lẹ̀,” ni wọ́n wí. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbọ́ tí ohùn wọn gbọ̀n nìyẹn.

Mo parí oyè náà. Ọjọ́ tí mo dúró níwájú àwọn olùyẹ̀wò, ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin tó ti ọ̀nà jíjìn wá, gbé fọ́tò kẹtàdínlógún sókè, ó ní nínú gbogbo ọdún tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun kò rí èyí tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló bá mi dáhùn.

Bàbá mi ṣì wà. Wọn kò lo eyín àtọwọ́dá mọ́. Èmi ni mò ń gún abẹ́rẹ́ wọn láàárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú mi, ẹgbẹ́ akọrin ń kọrin láìsí wọn. Nígbà tí ọdún kan kọjá, ọ̀fun náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, a tún lo oògùn. Ó lọ. Lóṣù tó kọjá ó tún padà. Dókítà wa ní Jẹ́ríkò ní oògùn tó pa á tẹ́lẹ̀ kò pa á dáadáa mọ́, ó kọ òmíràn fún wa, èyí tí a ní láti lọ wá kiri kí a tó rí i rà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ti ibẹ̀ ń bọ̀ nínú ọkọ̀ takisí. Bàbá mi jókòó ti fèrèsé, wọ́n fi ìwé àyẹ̀wò lé orí itan, wọn kò ṣí i. Nígbà tí a ń sún mọ́ Bódìjà, wọ́n yíjú sí mi.

“Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù,” ni wọ́n wí. “Ṣé ó ti lọ tán?”

Awakọ̀ ń wò wá nínú dígí rẹ̀. Mo ronú irọ́ kan, mo sì fi í sílẹ̀.

“Mi ò mọ̀, Dádì. Ká padà lọ lóṣù tó ń bọ̀.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí awakọ̀ bá wa dúró níwájú ọjà, pé kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ọkà bàbà fún ògì, pé ti àgbàdo ti sú wọn.